Ìyapa ọ̀nà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà lórí switch kan náà

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ó di dandan kí ẹ ra switch (àpótí tó ń so ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì pọ̀ pẹ̀lú wáyà) mìíràn fún fóònù ọ́fíìsì yín tó ń gba wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí pé ohùn ń já nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kó fáìlì ńlá. Kò di dandan rárá, bí switch yín bá ti gba VLAN, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a fi nọ́ńbà dá mọ̀. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí VLAN 10, kí ẹ sì fi fóònù sí 20. Bí kọ̀ǹpútà bá tilẹ̀ gba ẹ̀yìn fóònù kọjá, dátà tirẹ̀ yóò máa lọ láìní àmì, nígbà tí ti fóònù yóò máa gbé àmì 802.1Q (èyí tó ń sọ nọ́ńbà VLAN rẹ̀) dání lórí wáyà kan náà. Fóònù tó bá gbọ́ LLDP-MED, ìlànà tí switch àti fóònù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa ètò wọn, yóò gba nọ́ńbà VLAN rẹ̀ lọ́wọ́ switch fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ìyapa nìkan kò tó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà: VLAN méjèèjì ṣì ń du wáyà kan ṣoṣo tó so switch kan mọ́ èkejì. Ẹ jẹ́ kí switch máa fi ohun tó bá ní àmì DSCP 46 (nọ́ńbà ipò pàtàkì tí a kọ sára dátà), èyí tí fóònù sábà máa ń fi sára ohùn, ṣíwájú gbogbo ìyókù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba irú àmì bẹ́ẹ̀ gbọ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.