Owó Ọkọ̀ Wọlé, Àmọ́ Owó Ta Ni?

Ẹ má gbà kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yín gbé e lọ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ohun tí ẹ sọ ni pé Corolla 2005 lẹ fẹ́ tà ní Iléṣà, ₦4.5 mílíọ̀nù lẹ pè é, ẹnì kan láti Ìbàdàn rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun máa dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun á fi fóònù san owó, òun á sì wa ọkọ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gba tiránsífà, àbí káàṣì, àbí sọ̀wédowó.

Tiránsífà lèmi máa gbà, àmọ́ nínú báńkì, lọ́jọ́ iṣẹ́, lójú mi. Mo ti ta ọkọ̀ díẹ̀ láàárín Iléṣà àti Ifẹ̀: tèmi, ti ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun, ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní kí n bá àwọn tà. Ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àláàtì ayédèrú ni gbogbo ayé ń sá fún, ó sì yẹ kí wọ́n sá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè fi orúkọ báńkì yín sórí àtẹ̀jíṣẹ́, áàpù sì wà tó ń gbé rìsíìtì jáde tó dán gbinrin. Mo rí ọ̀kan lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ta ọ̀kadà rẹ̀. Orúkọ báńkì wà lókè, nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi ìràwọ̀ bo àárín rẹ̀ tọ̀nà, iye owó pé. Ìlà ìsàlẹ̀ ló tú àṣírí. Iye tí wọ́n ní ó wà nínú àkáǹtì kò ju owó ọ̀kadà náà lọ, kò fi kọ́bọ̀ kan lé, bẹ́ẹ̀ owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbájúẹ̀ ò mọ iye tí ẹ ní lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má wo ti àláàtì. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín, tàbí kí ẹ tẹ kóòdù USSD, kí ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ kó tó san àti lẹ́yìn tó bá san. Tó bá ní nẹ́tíwọ̀kì ni, pé owó á wọlé tílẹ̀ bá mọ́, ó dáa, kí ọkọ̀ sùn sílé yín kílẹ̀ fi mọ́. Láti 2011 tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé NIP dé, ìyẹn ètò ìfowóránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó fi ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn. Tó bá há sọ́nà, ẹni tó fi ránṣẹ́ ni kó lọ bá báńkì rẹ̀.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í bẹ̀rù tó ni owó tó wọlé lóòótọ́.

Mo ta Honda kan fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ìwà hù. Ó ná an dáadáa, ó wà á dé Ìsọ̀kún kó fi gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀ mí lówó táyà. Owó wọlé pé pérépéré. Mo rí i nínú áàpù, mo tún pe òṣìṣẹ́ báńkì kan tí mo mọ̀, ó ní ó ti wà níbẹ̀. Orúkọ obìnrin ló jáde pé ó fi owó ránṣẹ́. Ọmọkùnrin náà ní ọ̀gá òun ni, àwọn jọ ń ṣòwò. Ó gbé ọkọ̀ lọ. Ìgbà tó yá, mo fẹ́ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, áàpù kọ̀ jálẹ̀. Mo dé báńkì, wọ́n ní wọ́n ti de àkáǹtì mi. Obìnrin yẹn ti lọ fẹjọ́ sùn pé wọ́n jí fóònù òun, wọ́n sì fi kó owó òun, ọ̀dọ̀ mi sì lowó náà balẹ̀ sí. Kì í ṣe owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n dè o, àti owó oṣù mi tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo lọ kọ sítétímẹ́ǹtì lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, èmi àtàwọn tí wọ́n kó níbi ìjà la jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ohun tó kó mi yọ ni ìwé àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, àti fọ́tò tí ìyàwó mi yà nígbà tó ń gba kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi kò tiẹ̀ ní ti ẹ̀rí lọ́kàn, orí WhatsApp ló fẹ́ fi í sí kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wa dúpẹ́. Wọ́n tú àkáǹtì náà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, àmọ́ mo ti yáwó elélèé san owó ilé ìwé kó tó dìgbà náà.

Látìgbà yẹn, orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó dúró níwájú mi, orúkọ tó wà nínú ìwé àdéhùn, àti orúkọ tó jáde lórí owó, ọ̀kan náà ni mo fẹ́ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń bá a sanwó, ẹ̀gbọ́n náà ni kó fara hàn lórí fídíò, kí orúkọ tiẹ̀ wọ inú ìwé. Ẹ má gba owó láti ọ̀dọ̀ oní-POS ìta, torí orúkọ oní-POS ló máa jáde. Bákan náà, ẹ má gba àbùlà, díẹ̀ láti àkáǹtì yìí, díẹ̀ láti tọ̀hún.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdé, láàárọ̀, kí ẹ jọ lọ sí báńkì. Ìye tí fóònù lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́ ní ààlà, nítorí náà ó lè jẹ́ pé orí káńtà báńkì tirẹ̀ ló ti máa kọ fọ́ọ̀mù. Kò burú, ẹ bá a lọ síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi ₦1,000 ránṣẹ́. Tó bá ti wọlé, ẹ wo orúkọ, kó tó fi èyí tó kù ránṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí owó wà fún, kó kọ pé owó ọkọ̀, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí i. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìlà kékeré yẹn jàre lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àkáǹtì tí owó oṣù yín kì í wọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ti bi báńkì léèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ó lè gba iye tó tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn àkáǹtì kan tí èèyàn fi fóònù nìkan ṣí, owó ńlá kì í dúró nínú wọn. Orúkọ yín, orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjíìtì 10 nìkan ni ẹni tó fẹ́ sanwó nílò. Ẹni tó bá béèrè BVN, nọ́ńbà káàdì tàbí OTP (nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín), ẹ pa fóònù mọ́ ọn lórí.

Àwọn kan tún wà tí wọn ò ní dé iwájú yín rárá. Ẹnì kan á pè yín, kò ní ná ọjà. (Ta ló ń ra ọkọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò ná an?) Á ní àbúrò òun ló ń bọ̀ wá wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a sọ iye rẹ̀, ẹ̀bùn lòun fẹ́ fún un. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ó ti gbé àwòrán ọkọ̀ yín síta lówó tó rẹlẹ̀ ju tiyín lọ, ó sì ti sọ fún ẹni tó ń pè ní àbúrò pé àna òun ni yín, kó má bá yín sọ̀rọ̀ owó, ọ̀dọ̀ òun ni kó san án sí. Ẹ̀yin méjèèjì á dúró sí àgbàlá yín, ẹ ó jọ máa gbóríyìn fún ọkọ̀, ẹnì kẹta á ti gbowó lọ. Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í: “Èló ni wọ́n pè é fún yín? Àkáǹtì ta lẹ fẹ́ san án sí?”

Káàṣì kò burú fún iye yín, àmọ́ kì í ṣe nílé, kì í sì í ṣe lálẹ́. Òfin tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀gbin ṣòwò, ti ọdún 2022, kò gbà kí ẹnì kan gba káàṣì tó ju ₦5 mílíọ̀nù lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ₦4.5 mílíọ̀nù kò tíì dé ibẹ̀. Kó kó o dé iwájú káńtà, kí akọ̀wé báńkì fi ẹ̀rọ kà á, kó yọ ayédèrú inú rẹ̀, kó wọ àkáǹtì yín lójú yín méjèèjì. Ẹ má kó owó yẹn gba àárín ọjà Atakúmọ̀sà kọjá nínú lailọ́ọ̀nù dúdú bí ẹni ra ẹran.

Sọ̀wédowó, rárá. Láti 1977 ni òfin ti lè rán ẹni tó kọ sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní dá Corolla padà. Tó bá jẹ́ dráfùtì báńkì ni, ìyẹn èyí tí báńkì fúnra rẹ̀ kọ, ẹ bá a lọ sí ẹ̀ka tó kọ ọ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí i, kí owó sì ti wọlé kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ní ti “ẹ gba ìdajì, màá san ìyókù tóṣù bá parí”, ìran òṣómàáló ni wá lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé onígbèsè làwọn bàbá wa ń lóṣòó sí. Nọ́ńbà fóònù kò ní ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí owó bá wọlé tán lẹ tó fa ìwé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́: ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ìwé kọ́sítọ̀mù tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, láísẹ́ǹsì. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ẹ kọ ìwé àdéhùn ní méjì, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ sọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló máa lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ kì í kọ aago sí i, ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹ kọ aago. Tó bá jẹ́ aago mọ́kànlá àárọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ yín, ohun tó bá fi gbá lójú ọ̀nà Òṣogbo láago méjì ọ̀sán, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.