Ṣé dísìkì mẹ́rin inú sáfà tó láti dáàbò bo ìwé owó ẹgbẹ́ wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sáfà tòkunbọ̀ kan, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, tó ní dísìkì mẹ́rin nínú, àyè 2TB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á fún wa ní ká fi ṣe RAID 5 (RAID ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so dísìkì púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan), pé a ó rí 6TB lò, pé kò sì ní sí ìdí láti máa da àkọsílẹ̀ wa kọ síbòmíràn mọ́. Ọmọ tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní RAID 0 ló yá jù, pé 8TB pérépéré ni. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Bí 600 la wà nínú ẹgbẹ́. Ìwé ìfowópamọ́ àti ti ẹ̀yáwó ló máa wà lórí rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Akápò, ẹ kú wàhálà owó olówó. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ti ọmọ yẹn ló léwu jù. RAID 0 ń gé fáìlì kan sí wẹ́wẹ́, ó ń pín in káàkiri gbogbo dísìkì, kò sì fi ẹ̀dà kankan pamọ́. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó lè lò ó. A kì í kó ìwé ẹ̀yáwó síbẹ̀.

RAID 5 ní ọgbọ́n nínú, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé owó á sì tètè mọ̀ ọ́n. Ká ní ènìyàn mẹ́ta dá àjọ, ₦4,000, ₦3,000 àti ₦5,000, tí ẹ sì kọ àpapọ̀ rẹ̀, ₦12,000, sísàlẹ̀. Bí omi bá dà sórí iye ẹnì kejì tó pa rẹ́, ẹ ó yọ 4,000 àti 5,000 kúrò nínú 12,000, 3,000 rẹ̀ á sì jáde. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé irú ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀, àti pé “àpapọ̀” náà kì í gbé orí dísìkì kan ṣoṣo. Ìwọ̀n dísìkì kan ló ń bá ìṣirò yìí lọ, òun ló sọ 8TB di 6TB. Ṣùgbọ́n tí omi bá pa iye ẹni méjì rẹ́ ńkọ́? Ẹ ò lè mọ ti ta ni èwo mọ́. RAID 6 ń kọ ìṣirò méjì tó yàtọ̀ síra, nítorí náà dísìkì méjì lè kú kí ìwé yín ṣì wà. 4TB ló máa kù fún yín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa RAID 5 lórí dísìkì tòkunbọ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú tí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Sáfà ní láti ka mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó lè kún èyí tuntun, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, àárẹ̀ wọn lè bọ́ sí àsìkò kan náà. Ẹ ní kí wọ́n ka iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ fún yín, SMART, àkọsílẹ̀ ìlera tí dísìkì ń ṣe nípa ara rẹ̀, á sọ ọ́. Ọdún kan láìsinmi jẹ́ wákàtí 8,760. Tó bá ti lé ní 40,000, arúgbó ni wọ́n tà fún yín.

Mo rí èyí rí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Adó. Wọ́n ní sáfà kò dáhùn mọ́. Mo débẹ̀, wọ́n ti da léèsì funfun bò ó nítorí eruku. Mo ká léèsì, iná dísìkì méjì pọ́n bí ọsàn. Akọ̀wé wọn ní ó ti ń ké pí-pí láti bí oṣù mẹ́ta, àwọn rò pé UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, ni, àwọn bá pa ohùn rẹ̀. Igbe dísìkì àkọ́kọ́ nìyẹn o! RAID 5 gbé wọn títí èkejì fi kú. Orí ìwé ni wọ́n ti tún èsì àwọn ọmọ tẹ̀. Nítorí náà, ẹ má da nǹkan kan bo iwájú sáfà, kí ẹni kan sì máa wo iná wọ̀nyẹn láràárọ̀.

Tèmi rèé: ìwé owó ẹni 600 kò ní kún 100GB, ìdá kan nínú mẹ́wàá TB kan. Kí lẹ fẹ́ fi 6TB ṣe? Ẹ ra dísìkì tuntun méjì, SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) tí wọ́n ṣe fún sáfà bí agbára bá ká a, kí ẹ fi ṣe RAID 1: ohun tó bá wọ ọ̀kan ló ń wọ èkejì. Ẹ ra ẹ̀kẹta tó bá wọn dọ́gba, kó jókòó sínú sáfà láìṣiṣẹ́ bí adèlé. Bí ọ̀kan bá kú lóru, sáfà á fúnra rẹ̀ pè é wọlé. Tí ẹgbẹ́ bá gbòòrò tó dísìkì mẹ́rin, RAID 10 ni kí ẹ bọ́ sí, èyí tó ń pín fáìlì bí RAID 0 sórí RAID 1 méjì, ìdajì àyè ló ń jẹ.

Ti iná ọba, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́. Káàdì RAID, èyí tó ń darí àwọn dísìkì inú sáfà, máa ń di ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mú sínú mẹ́mórì rẹ̀ kó tó kọ ọ́ sí dísìkì, bátìrì kékeré kan ló sì ń ṣọ́ ọ bí iná bá lọ. Bátìrì tòkunbọ̀ sábà máa ń ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi UPS ti sáfà lẹ́yìn kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó ní ẹ ò nílò ẹ̀dà síbòmíràn ló ṣì yín lọ́nà jù. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá pa ìwé ẹ̀yáwó rẹ́, ìṣẹ́jú kan náà ni RAID 1 pa á rẹ́ lórí dísìkì méjèèjì. Àrá lè jó gbogbo wọn pọ̀, olè sì lè gbé sáfà lọ tòun ti adèlé rẹ̀. Ẹ ra dísìkì àgbékiri méjì, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì wọ́n, nítorí àṣírí ọmọ ẹgbẹ́ ni, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà ní Ìkọ̀lé, kí èkejì wà ní Adó lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí èyí tó ti Adó dé lórí kọ̀ǹpútà míràn, kí ẹ mú ìwé pélébé ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí ẹ fi wé e. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, ẹ pe ẹni tó tò ó fún yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.