Ẹni tó ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀ nígbà ìfẹ́sọ́nà

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní àfẹ́sọ́nà ẹ kì í sọ iye tó ń gbà fún ẹ, pé ó ní kó o fọkàn balẹ̀, ẹ ó jọ máa ná an tẹ́ ẹ bá ṣègbéyàwó tán. O wá ń béèrè bóyá ojúkòkòrò ló ń ṣe ẹ́. Rárá o.

Súrùlérè ni mo ń gbé, àwọn ọmọ mi ti ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì. Kí n tó pàdé bàbá wọn, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà la jọ ń fẹ́ra. Ó lawọ́, ẹnu ẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n tó o bá ti bi í léèrè nǹkan, ẹ̀rín ló máa fi dáhùn. Nígbà tọ́rọ̀ jẹnotáìpù ẹ̀jẹ̀ wá délẹ̀, mo ní AS lèmi, ó ní AA lòun. Mo ní ká jọ lọ ṣàyẹ̀wò, ló bá fi odindi ọ̀sẹ̀ bínú pé mi ò fọkàn tán òun. Nígbà tó gbà, a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì nílé àyẹ̀wò kan ní Yábàá, ó kàn ń mi ẹsẹ̀ ṣáá ni. Ìwé jáde: AS. Ó ti mọ̀ tipẹ́! Tí AS bá fẹ́ AS, ìdá 25 nínú 100 ni pé kọ́mọ jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, lórí oyún kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá ọmọ àǹtí mi sun ọsibítù tó, mi ò lè fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́. Ká tiẹ̀ ní AA ló jáde, ìbínú ọ̀sẹ̀ yẹn ti tó mi í wò.

Bàbá àwọn ọmọ mi ò lówó. Inú dáńfó Ojúẹlẹ́gbà ni mo ti bi í léèrè iye tó ń gbà, ló bá na fóònù sí mi kí n wo alẹ́ẹ̀tì owó oṣù ẹ̀, ó tún sọ gbèsè tó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ojú ń tì í, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá dá a dúró níbi iṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo gbọ́, mo sì tètè bẹ àwọn tá a jọ ń dá àjọ kí wọ́n jẹ́ kí n kó tèmi ṣáájú, torí owó ilé. Aládùúgbò wa kan ò mọ̀ rárá pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, àfìgbà tí láńlọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn. Àṣé ṣe lọkọ ẹ̀ ń múra iṣẹ́ jáde láràárọ̀, tó ń lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta ayò.

Tìẹ, má béèrè iye mọ́. Ní kẹ́ ẹ jọ ṣírò owó ilé ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú ti ágẹ́ǹtì àti agirimẹ́ǹtì, kó sọ ibi tí tiẹ̀ ti máa wá. Tó bá tún ní kó o fọkàn balẹ̀, sún ọjọ́ ìdána síwájú. Àwọn ará ilé á kùn, jẹ́ kí wọ́n kùn. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ti rà ò ní bàjẹ́.