Báábékíù tó ń korò lára adìẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbẹ̀ báábékíù tí mo sè nílé kan jù. Nígbà tí mo sì fi pa adìẹ lára lórí ẹyinná, ó dúdú, ó korò. Kí ló fà á? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ṣúgà ló jóná. Ẹ jẹ́ kí adìẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán kí ẹ tó fi ọbẹ̀ pa á. Ìṣẹ́jú 10 tó gbẹ̀yìn ti tó.

Ní ti kíkan, ẹ má dá fínígà nìkan lẹ́bi: tòmátì alágolo tí a kò dín náà máa ń kan. Ẹ fi òróró ṣíbí ìjẹun 2 dín àlùbọ́sà kékeré kan títí yóò fi rọ̀, ẹ da tòmátì gíràmù 210 sí i, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 5, títí òróró yóò fi yọ sójú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi omi ife 1, fínígà ṣíbí ìjẹun 4, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 6, iyọ̀ àti ata gígún sí i. Iná kékeré, ìṣẹ́jú 20; ẹ dé e ní àbọ̀, torí ó máa ń ta síni lára. Ẹ sọ̀ ọ́ kí ó tó ki tán, yóò tún ki bó bá tutù.

Ẹ bu èyí tí ẹ ó fi pa adìẹ sọ́tọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó ti kan adìẹ tútù kò gbọdọ̀ wọ inú ìyókù.