Lẹ́tà A tó wà lára Corvette 1967

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìwé ọkọ̀ náà sọ pé Corvette 1967 ni, pé ẹ rí A lára irin pẹlẹbẹ abẹ́ píjìnhóòlù, ẹ tún rí "A 5 7" lẹ́yìn blọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé ẹ́ńjìnì tó bá a jáde ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Lára blọ́ọ̀kù, A ni oṣù kìíní, L ni oṣù kejìlá. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1967 ni wọ́n da irin yẹn. Abẹ́ píjìnhóòlù kì í kà á bẹ́ẹ̀. A tó ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀ ni oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mọ́dẹ̀lì ọdún náà, inú 1966 sì ni ti 1967 ti bẹ̀rẹ̀. Bí A tí ẹ rí bá jẹ́ ti oṣù, a jẹ́ pé bọ́dì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da irin ẹ́ńjìnì rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n A mìíràn tún wà lára irin yẹn: èyí tó ṣáájú nọ́ńbà bọ́dì, tó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ A.O. Smith ní Ionia, Michigan, ni wọ́n ti ṣe bọ́dì náà. S ni ti ilé-iṣẹ́ St. Louis. Ẹ wò ó dáadáa, èwo nínú méjèèjì lẹ rí?

Ẹ wá lọ síwájú ẹ́ńjìnì, lọ́wọ́ ọ̀tún awakọ̀. Ẹ fi àkísà nu ojú irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí V0112HE, V ni ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnì tó wà ní Flint, oṣù kìíní ọjọ́ 12 ni wọ́n to ẹ́ńjìnì náà, HE sì ni ẹ́ńjìnì 327 (ìwọ̀n rẹ̀ ní ínṣì onígun mẹ́ta) alágbára ẹṣin 300. T ni ti ilé-iṣẹ́ Tonawanda, níbi tí àwọn ẹ́ńjìnì ńlá 427 ti ń wá. Nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà nìkan kò tó o. Ẹ wá àwọn ìlà tín-ín-rín tó lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀. Mo ti rí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pé pérépéré, àmọ́ ojú irin náà ń dán bí àwo tí wọ́n fi sánpépà fọ̀; mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ń tà á, mo bá tèmi lọ.

Irin ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà, wọn á to ẹ́ńjìnì, kó tó wá kan pé kó wọ inú bọ́dì. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀. VIN náà lè ràn yín lọ́wọ́: 100001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 22,940 ni gbogbo ti ọdún yẹn, nítorí náà ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà ní nǹkan bí 111000 jẹ́ ti nǹkan bí àárín iṣẹ́ ọdún mọ́dẹ̀lì náà.

Bí ọkọ̀ náà bá ṣì wù yín, ẹ rà á. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ́ńjìnì tí wọ́n pààrọ̀, bí wọ́n bá sọ ọ́. Iye ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni kí ẹ san.