Olùyẹ̀wò Ní A Da Ìwé Nù

Ìbéèrè: Olóòtú, olùyẹ̀wò kọ ọ́ sí wa lọ́rùn pé a da ìwé ìfọwọ́sí ẹ̀yà ọkọ̀ kan nù, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ọdún 3 tí ẹ̀yà náà ti kúrò lára ọkọ̀ tuntun. Ṣé a lè takò ó?

Ìdáhùn: Ẹ lè takò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ ṣì ń ṣe ẹ̀yà náà fún àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́ (ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí), nítorí pé IATF 16949 (ìlànà àgbáyé lórí ìdárajù iṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀) ní kí a tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yà náà bá ṣì wúlò fún ọkọ̀ tuntun tàbí fún àtúnṣe, kí a sì fi ọdún kàlẹ́ńdà 1 lé e, àyàfi bí oníbàárà tàbí òfin bá sọ òmíràn. Bí ẹ kò bá ṣe é mọ́ rárá, ẹ fi ẹ̀rí hàn án kí ìpàdé tí a fi ń parí àyẹ̀wò tó wáyé. Bí ó bá kọ̀, ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí àjọ tó rán an.