Ẹ̀lú ni àbí kì í ṣe ẹ̀lú?

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Igi kékeré kan ti gba oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi. Ó ga dé ìbàdí láàárín koríko, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, méjì-méjì ni wọ́n wà lára ọ̀pá, òdòdó rẹ̀ pupa mọ́ àlùkò bíi ti ẹ̀wà. Ìyá mi ní ẹ̀lú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní èyí tí wọ́n fi ń pa ẹja ni. Ta ló gbà á? – Olùkàwé kan, Kàbà

Ìdáhùn: Mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni lóòótọ́, bí òdòdó náà bá ní ewé márùn-ún: ọ̀kan gbòòrò lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì nísàlẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ ẹ má fi àwọ̀ dájọ́. Àwọ̀ àwọn ẹbí yìí súnmọ́ra jù.

Ẹ̀lú àwọn aláró máa ń fà gun igi mìíràn ni. Bí wọ́n bá ń gé e lemọ́lemọ́, ó lè kúrú, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ yóò ṣì gbòòrò, tí ẹ bá sì sá a, á dúdú mọ́ búlúù. Èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, kì í là fúnra rẹ̀. Tiyín kò jọ ọ́.

Ẹ wá já ewé wẹ́wẹ́ kan, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ fa ṣóńṣó rẹ̀. Bó bá ya bíi lẹ́tà V, Tephrosia ni, ìyẹn orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ẹbí tí igi tí wọ́n fi ń pa ẹja wà. Iṣan ewé rẹ̀ dagun lọ sí etí, wọn kì í pàdé ara wọn, ibi tí wọ́n gbà ni ewé náà ń ya gbà. Inú oko ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, torí ewé tó ti rọ kì í ya dáadáa. Èso Tephrosia pẹlẹbẹ. Tó bá gbẹ, á là, á lọ́, á sì ta hóró jáde. Bí ewé kò bá ya bẹ́ẹ̀, tí èso sì rí roboto, tó tín-ín-rín, ẹ wo ọ̀dọ̀ Indigofera, ẹbí ewéko aró mìíràn.

Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ sọ mú wa rò pé Tephrosia bracteolata ni, ọmọ bíbí ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ní lọ́kàn ni Tephrosia vogelii: ó ga ju ènìyàn lọ nígbà púpọ̀, irun múlọ́múlọ́ bo ewé àti èso rẹ̀, òdòdó rẹ̀ tóbi, ó funfun tàbí ó ní àwọ̀ àlùkò. Oró inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rotenone kì í jẹ́ kí ara ẹja lo afẹ́fẹ́, ó sì ń pa ọmọ ẹja pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un sínú odò.

Ẹ má fà á tu. Kókó ara gbòǹgbò rẹ̀ ń fi náítírójìn sínú ilẹ̀ tó ń sinmi náà.

Tí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé, òdòdó àti èso papọ̀, ní ìparí òjò kí iná ìgbẹ́ tó dé. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé òkúta lé e, ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́. Inú ọ̀rá á mú kó bu. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn ní ibi ìpamọ́ ewéko tí wọ́n ti lè fi wé òmíràn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti já a, ọjọ́, gíga rẹ̀ àti àwọ̀ òdòdó mọ́ ọn, torí àwọ̀ náà á ṣá bó bá ti gbẹ.